Òyìnbó ní ‘fraud’, àwọn ọmọ ní ‘Yahoo’: kí lorúkọ rẹ̀ gan-an?

Ọ̀rọ̀ tó kọjá àfẹnusọ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2025. Lọ́jọ́ náà ni adájọ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Cleveland, ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní kí ọba aládé láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Àpètù ti Ìpetumodù, Ọba Joseph Oloyede, lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù 56. Ẹ má wulẹ̀ máa ka ìka, ọdún 4 àti oṣù 8 gbáko ni.

Ohun tó gbé kábíyèsí dé ibẹ̀ kò ṣẹ̀yìn owó tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ nígbà tí àrùn Kòrónà ń jà lọ́dún 2020. Wọ́n ní kí àwọn tó ní iléeṣẹ́ kéékèèké wá gbà á, kí iléeṣẹ́ wọn má baà kú, kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn lè máa rówó oṣù gbà. Irọ́ ni kábíyèsí àti ẹnìkejì rẹ̀ kọ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n fi ayédèrú ìwé owó-orí àti ayédèrú ìwé owó oṣù tì í lẹ́yìn, owó tí wọ́n fi irọ́ náà gbà sì tó $4.2 mílíọ̀nù. Kábíyèsí fẹnu ara rẹ̀ gbà lóṣù kẹrin ọdún 2025 pé òun jẹ̀bi. Yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n, ilé ẹjọ́ ní kó dá owó tó lé ní $4.4 mílíọ̀nù padà, ilé tó fi owó náà rà sí ìlú Medina sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìwé ẹ̀sùn àwọn òyìnbó ń pe gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀: ‘fraud’. Bí wọ́n ṣe ń pè é lówùúrọ̀ ni wọ́n ń pè é nírọ̀lẹ́.

Ẹ wá wo bí irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe máa ń rí tó bá dé gáréèjì Ìlá Ọ̀ràngún, tàbí ìdí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìrèé àti Òṣogbo. Ẹnìkan á ní jìbìtì ni. Ẹlòmíràn á ní rárá o, màgòmágó ìwé lásán ni. Ẹ̀kẹta á rẹ́rìn-ín, á ní gbájú-ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún òyìnbó, òyìnbó náà tó gẹ́ẹ́. Ọmọkùnrin kan tó ń tẹ fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á wá ní, ‘Baba, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n kàn ń wá oúnjẹ ni.’

Ohun kan náà, orúkọ mẹ́rin. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, nítorí orúkọ tí èèyàn bá fún nǹkan ló ń sọ bóyá ojú á tì í tàbí kò ní í tì í.

OJÚ MẸ́TA LÓ NÍ

Ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń pè ní ‘fraud’ yìí kì í ṣe tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Èdè Látìn ló ti wá, àwọn ará Faransé lò ó, kó tó wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 700 sẹ́yìn. Títí dòní, ojú mẹ́ta ló ní.

Àkọ́kọ́ ni ìwà náà fúnra rẹ̀: kí èèyàn parọ́ fún ẹlòmíràn kó lè gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Yorùbá ń pe ìyẹn ní jìbìtì. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ẹni tó ń ṣe bí ohun tí kò jẹ́. Ẹni tí kò ka ìwé dókítà tó wọ aṣọ funfun, tó sì ń gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, òyìnbó á ní ‘fraud’ ni ọ̀gbẹ́ni yẹn fúnra rẹ̀. Ní tiwa, oníjìbìtì ni, bó bá sì ṣe ipò tó ń pe ara rẹ̀ là ń wò, dókítà òfégè ni. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni nǹkan náà gan-an: ìwé ilẹ̀ tí kò tọ́, oògùn tí wọ́n fi ìyẹ̀fun rọ, sátífíkéètì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ayédèrú nìyẹn.

Ibi tí òyìnbó ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣe mẹ́ta, Yorùbá ní ti ìwà, ó ní ti èèyàn, ó ní ti nǹkan. Ìyẹn nìkan kọ́. Yorùbá tún mọ bí ìwà náà ṣe wúwo tó. Ọmọdé tó ń jí ọmọ ayò níbi tí wọ́n ti ń ta ayò, òjóró ló ń ṣe, kò sẹ́ni tó máa mú un lọ sí tẹ́ṣàn. Oníṣòwò tó tẹ ìdí kóńgò wọlé kí gàrí má baà kún un dáadáa, ìrẹ́jẹ ló ń ṣe. Akọ̀wé tó yí iye owó padà nínú ìwé, màgòmágó ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe játijàti tí wọ́n ní ó ti parí, wúruwùru ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún irun tí kò rí òòyà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Wàyó, ọ̀dọ̀ àwọn Hausa la ti yá a, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ sì ni lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi tí wọ́n ti fi irọ́ gba owó olówó, tí olówó ń sunkún, jìbìtì ni ẹnu àgbà ń pè é.

LÍLÙ NI WỌ́N Ń LÙ Ú

Ẹ tún wo bí gbólóhùn náà ṣe rí. Yorùbá kì í sọ pé èèyàn ‘ṣe’ jìbìtì nìkan, wọ́n á ní ó ‘lu’ ẹnìkan ní jìbìtì. Bí wọ́n ṣe ń fi igi lu èèyàn náà ni wọ́n ń fi jìbìtì lù ú. Kò sí bí ẹ ṣe máa sọ gbólóhùn yẹn parí tí ẹ kò ní í dárúkọ ẹni tí wọ́n lù. Ta ló lù? Ta ni wọ́n lù? Àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀.

Gbájú-ẹ̀ náà kò yàtọ̀. Bí àwọn èèyàn ṣe ń túmọ̀ rẹ̀, ‘gbá ojú ẹ̀’ ni: ìgbátí tó bá èèyàn lójijì, tójú rẹ̀ ṣókùnkùn, kó tó là á, àpò rẹ̀ ti gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti rìn jìnnà. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká lò ó ní Stellenbosch, lórílẹ̀-èdè South Africa, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú Labour sọ lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ ọdún náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dá awuyewuye sílẹ̀, àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà sì fún bàbá lésì tó gbóná. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni gbájú-ẹ̀, kó wo bó ṣe dun àwọn tí wọ́n fi kàn.

Nínú ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa, ẹni tí wọ́n lù kì í sọnù. Inú ọ̀rọ̀ tuntun ló ti sọnù.

ORÚKỌ TUNTUN DÉ, ÌTÌJÚ BÁ TIRẸ̀ LỌ

Nọ́ńbà ló kọ́kọ́ dé. Abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tó wà fún ìhà gúúsù Nàìjíríà ló sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn fi irọ́ gba ohun-ìní ẹlòmíràn. Láti ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìwà náà ní ‘fọ́ wan náìnì’. Nígbà tó di ọdún 1995, ìjọba ológun ṣe òfin mìíràn, Dìkírì 13, fún un. Ọdún 2006 ni wọ́n tún òfin náà ṣe, òun ló sì wà nílẹ̀ títí di báyìí: ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi pé ó fi irọ́ gba owó olówó, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 7, kò sì gbọdọ̀ ju 20 lọ, kò sì sí pé ó máa fi owó ìtanràn dípò. Ilé ẹjọ́ tún lè ní kó dá ohun tó gbà padà fún ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ńbà ṣì ní ẹ̀rù díẹ̀ lára, nítorí ìwé òfin ló ti wá. Ẹ wá wo èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí kafé íntánẹ́ẹ̀tì gbòde, tí àwọn ọmọ ń fi lẹ́tà Yahoo kọ̀wé sí àwọn tí wọn kò mọ̀ rí lókè òkun, orúkọ iléeṣẹ́ lẹ́tà yẹn di orúkọ iṣẹ́ wọn. ‘Ọmọ Yahoo ni.’ Kò sí jìbìtì níbẹ̀ mọ́, kò sí èrú, kò sí ẹ̀tàn. Ó dà bíi pé èèyàn ní télọ̀ lòun tàbí mẹkáníìkì.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn tún wá burú jùyẹn lọ. Ẹni tí wọ́n ń lù ní jìbìtì, ‘client’ ni wọ́n ń pè é, bíi pé oníbàárà tó wá ra ọjà ni, tàbí kí wọ́n pè é ní ‘maga’ tàbí ‘mugu’, ìyẹn òmùgọ̀. Tí owó bá wọlé, wọ́n á ní ‘ó ti há’. Kí ló há? Ọ̀dọ̀ ta ló ti há? Ẹ kò ní í gbọ́. Ìyá arúgbó kan ní ìlú òyìnbó ti pàdánù owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ọkùnrin kan ti ta ilé rẹ̀ nítorí obìnrin tí kò sí, ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn yẹn, wọn kò sí níbì kankan. Owó kàn há ni, bí ìgbà tí òjò rọ̀.

Ẹ rántí Ramon Abbas, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Hushpuppi. Nígbà tó ń fi aṣọ olówó ńlá àti ọkọ̀ bọ̀gìnnì ṣe fọ́tò ní Dubai, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń gbàdúrà kí Ọlọ́run ṣe tiwọn bíi tirẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2020 ni wọ́n mú un. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ní Los Angeles ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3, kó sì san owó tó lé ní $1.7 mílíọ̀nù padà. Ta ni ‘client’? Ọ̀kan nínú wọn ni oníṣòwò kan ní orílẹ̀-èdè Qatar tó ń wá ẹni tó máa yá a ní $15 mílíọ̀nù láti fi kọ́ ilé-ìwé. Owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n fi irọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́tò aṣọ la rí, a kò rí fọ́tò ilé-ìwé tí owó rẹ̀ bọ́ sápò ẹlòmíràn.

SOGÚNDOGÓJÌ TÚN PADÀ WÁ

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni wọ́n ń lù. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kan, sogúndogójì, ìyẹn kí a sọ ogún di ogójì. Owó èlé tó ń di ìlọ́po méjì ni wọ́n ń fi bá wí. Lọ́dún 1920, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Ponzi ní Boston ní Amẹ́ríkà sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbé owó wá, lẹ́yìn ọjọ́ 45 òun á fi ìdajì lé e. Owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló fi ń san ti àwọn tó ti wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹni tuntun kò tó mọ́, gbogbo rẹ̀ wó.

Irú rẹ̀ wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2015 pẹ̀lú orúkọ MMM, tí ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Sergei Mavrodi, dá sílẹ̀. Wọn kò pè é ní jìbìtì o, wọ́n ní ‘ìrànlọ́wọ́’ ni, wọ́n ń kí ara wọn kú oríire. Lóṣù Kejìlá ọdún 2016, bí Kérésì ṣe ń sún mọ́lé, wọ́n ti ilẹ̀kùn owó pa. NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó àwọn tó fi owó sí báńkì, sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 3 èèyàn ló pàdánù, owó náà sì tó bílíọ̀nù 18 náírà.

Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ti tó. Àmọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX náà wó lulẹ̀. Wọ́n ti sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó gbọ́n ju ènìyàn lọ ló ń bá wọn ṣòwò, pé láàárín oṣù kan owó wọn á di méjì. Ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, àwọn tí owó wọn há ya wọ ọ́fíìsì iléeṣẹ́ náà, wọ́n kó àga, wọ́n kó tábìlì. Oṣù tó ṣáájú ìyẹn gan-an ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun tó ní ẹni tó bá gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ máa san owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10, tàbí kó gba méjèèjì.

Kí ló dé tí wọ́n fi tún rí èèyàn mú? Orúkọ ni. Wọ́n pè é ní ‘investment’. Ká ní ẹni tó mú un wá ti sọ ní èdè Yorùbá gidi pé, ‘Ẹ wá ṣe sogúndogójì’, ìyá àgbà ní Òkè-Ìlá ì bá ti fura. Àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà, mẹ́wàá lèèyàn dá, mẹ́wàá ló kó, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó máa di ogún.

GBÈSÈ KÌ Í ṢE JÌBÌTÌ O

Ṣùgbọ́n bí àwọn kan ṣe ń fi orúkọ dídùn bo jìbìtì, bẹ́ẹ̀ làwọn mìíràn ń sọ jìbìtì lu ẹni tí kò lu jìbìtì. Ẹ dé ọjà, ẹ ó rí i. Obìnrin kan gba ọjà láwìn, ọjà kò tà, tàbí òjò ba tòmátò rẹ̀ jẹ́, ọjọ́ pé, kò rówó san. Ariwo tí ẹ máa gbọ́ ni, ‘Oníjìbìtì! Ó ti lù mí ní jìbìtì!’ Kí ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dé tẹ́ṣàn.

Àwọn òyìnbó ti fà á títí kó tó yé wọn. Lọ́dún 1883, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìgboro kan ní Plymouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ń pe àwọn èèyàn wá dókòwò pé àwọn ní ẹ̀tọ́ láti fi èéfín omi gbígbóná wa ọkọ̀ dípò ẹṣin. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peek fi owó rẹ̀ sí i. Ìjọba kò fọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe rò, iléeṣẹ́ kógbá sílé, owó Peek wọlẹ̀. Ó pe àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ó ní ‘fraud’ ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́hùn-ún, lọ́dún 1889 wọ́n sì dá a: kì í ṣe ‘fraud’, nítorí àwọn èèyàn náà gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé òótọ́ làwọn ń sọ. Adájọ́ Herschell là á pé kó tó lè jẹ́ ‘fraud’, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí kó má gbà á gbọ́, tàbí kó má bìkítà rárá bóyá òótọ́ ni àbí irọ́. Ìdájọ́ yẹn ni àwọn lọ́yà ń tọ́ka sí títí dòní, ní Nàìjíríà pàápàá.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pariwo. Ǹjẹ́ ó parọ́? Ǹjẹ́ ó mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí kò bìkítà? Ǹjẹ́ irọ́ yẹn ló jẹ́ kí owó kúrò lọ́wọ́ ẹnìkejì? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, jìbìtì ni, kódà kó jẹ́ ọba ló ṣe é, kódà kó jẹ́ pásítọ̀ tàbí àáfà. Tí ìyá tó gba tòmátò láwìn bá ní in lọ́kàn láti san, gbèsè ló jẹ. Òfin ọlọ́pàá tọdún 2020, ní abala 32, sì sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí pé ó ṣẹ̀ sí àdéhùn tàbí nítorí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti owó láàárín ẹni méjì lásán. Ilé ẹjọ́ wà fún ìyẹn, ọjà náà sì ní Ìyálọ́jà.

Ẹni tó pe gbèsè ní jìbìtì, ó lè sọ aláìṣẹ̀ di èrò àtìmọ́lé. Ẹni tó sì pe jìbìtì ní ‘hustle’, ó ti sọ ẹlẹ́ṣẹ̀ di akọni. Àṣìpè kan náà ni wọ́n ń ṣe.

KÍ ÒBÍ MÁA FI YORÙBÁ BÉÈRÈ

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìlú tí iléèwé gíga wà jù lọ, bí Ìrèé tí Póòlì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, bí Ìlá tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ àti yunifásítì ìmọ̀ ìlera wà. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, tó ń sùn lọ́sàn-án, tó ń ṣiṣẹ́ lóru, ló ń lu jìbìtì. Àwọn kan ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún iléeṣẹ́ òkè òkun, owó tó mọ́ ni wọ́n ń gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ EFCC ya wọ ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ lóru, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 60. Ariwo ta, wọ́n tú àwọn kan sílẹ̀ nínú wọn, ọ̀gá àgbà EFCC, Ọlá Olúkòyédé, sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun jáwọ́ nínú wíwọlé tọ èèyàn lóru. Ìfura kì í ṣe ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kò lófin. Tí ọmọ bá gbé mọ́tò wálé, tó ní ‘online’ lòun ń ṣe, kí bàbá má ṣe sọ pé ‘Ọlọ́run á máa bù sí i’ kíákíá. Kó jókòó tì í, kó bi í ní èdè tí kò ní ibi ìsápamọ́ sí: ‘Ta ló ń sanwó fún ọ? Kí lo ṣe fún un? Ṣé ó mọ orúkọ rẹ gidi?’ Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ á dáhùn, inú rẹ̀ á tilẹ̀ dùn pé bàbá òun fẹ́ mọ iṣẹ́ òun. Ọmọ tó bá ní ‘client’ kan ló fi ránṣẹ́, kí bàbá bi í lẹ́ẹ̀kan sí i: ‘Ṣé o lù ú ni àbí o ṣiṣẹ́ fún un?’

Ìbéèrè yẹn le, ó sì lè da ilé rú lálẹ́ ọjọ́ kan. Èyí tí adájọ́ bi kábíyèsí ní Cleveland le jù ú lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.